Ọba Kì í Pa Ọ̀kọrin: Òtítọ́, Òfin àti Iṣẹ́ Agbẹjọ́rò

Òwe méjì wà nínú èdè Yorùbá tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Èkíní ni èyí tí ó wí pé ọba kì í pa ọ̀kọrin. Èkejì ni èyí tí ó wí pé ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Òwe ìṣáájú ń dá ààbò bo ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Òwe ìkẹyìn ń kìlọ̀ fún un. Àwọn àgbà tí ó pa méjèèjì kì í ṣe aláìnírònú. Wọ́n mọ̀ pé ìlú tí kò bá fi àyè gba ọ̀rọ̀ yóò bàjẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tìkára rẹ̀ lè ba ìlú jẹ́.

Láàárín òwe méjèèjì yìí ni ìbéèrè mẹ́ta ti jáde. Bí ẹnìkan bá sọ ọ̀rọ̀ tí ó dun aláṣẹ, tí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ òtítọ́, ǹjẹ́ òtítọ́ náà tó láti gbà á sílẹ̀? Bí kò bá tíì hàn bóyá òtítọ́ ni tàbí irọ́, ta ni ó yẹ kí ó ru ẹrù ẹ̀rí? Agbẹjọ́rò tí a sì gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tọ̀ wá, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó gbèjà ẹnu tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Nàìjíríà ti fi ara wọn àti òmìnira wọn dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kí àwọn adájọ́ tó fi ìwé dáhùn wọn.

Ààbò tí ọ̀kọrin ní nílé

Kí ìwé ìròyìn tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn ènìyàn ti ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá aláṣẹ wí ní gbangba. Ní Kétu, ní Ọ̀họ̀rí àti ní ilẹ̀ Yewa, òru ni ẹ̀fẹ̀ ń jáde sí ọjà nígbà ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Yóò kọ́kọ́ júbà: yóò júbà àwọn ìyá, yóò júbà àwọn baba ńlá, yóò júbà àwọn àgbà ìlú. Lẹ́yìn ìbà ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin tú àṣírí olè, ti agbéraga, ti ìjòyè tí ó jẹ owó ìlú àti ti ẹni tí ó da ilé onílé rú. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn ni tèwe tàgbà ń kọrin èébú kiri àdúgbò, tí ẹni tí a ń bú kò sì gbọdọ̀ torí rẹ̀ jà.

Ó rọrùn láti ti ibẹ̀ yẹn wí pé òmìnira ọ̀rọ̀ ti wà lọ́wọ́ Yorùbá láti ìwáṣẹ̀, kí a sì pa ẹnu ọ̀rọ̀ dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wò ó fínnífínní yóò rí i pé ààlà mẹ́ta ni ààbò náà ní. Ó ní àkókò: ohun tí a kọ lórin ní òru ẹ̀fẹ̀, a kì í tún un kọ ní ààfin ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní ipò: kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá ti lẹ́nu ni ìlú gbé ẹ̀fẹ̀ lé lórí. Ó sì ní ìbà: ẹni tí ó ń báni wí kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé ọmọ ìlú tí òun ń bá wí ni òun ń ṣe. Òwe kò wí pé ọba kì í pa ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀. Ọ̀kọrin ni ó dárúkọ.

Síbẹ̀, ọgbọ́n tí ó wà nídìí ààbò náà ju ààlà rẹ̀ lọ. Ìbínú tí kò bá rí ẹnu gbà jáde, ọwọ́ ni yóò gbà jáde. Ọba tí ó fi orin sílẹ̀ fún ìlú ń gbọ́ ohun tí àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ kò lè sọ fún un. Ó ní agbára láti pa ọ̀kọrin, kò sì pa á, nítorí pé àṣà dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìgbà tí àṣà kò bá wá lágbára mọ́ láti di ọwọ́ aláṣẹ mú, kí ni yóò dì í mú? Òfin ni ó yẹ kí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n òfin tí ó kọ́kọ́ bá ìwé ìròyìn nílẹ̀ yìí kò wá láti di ọwọ́ aláṣẹ. Ẹnu ọ̀kọrin ni ó wá dì.

Òfin tí ó wá di ẹnu

Ní 1859 ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ìwé ìròyìn ti di púpọ̀ ní Èkó, àwọn olóòtú wọn sì ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wí láìwojú. Ní 1903 ìjọba ṣe òfin pé ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ fi £250 dúró fún ara rẹ̀. Ní 1909 ni òfin lórí ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ sí ìjọba tẹ̀lé e.

Ọkùnrin kan dìde tako òfin ti 1909 yìí nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó. Christopher Alexander Sapara Williams ni, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní Sierra Leone, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tí ó di agbẹjọ́rò. Ẹsẹ̀ méjì ni àwíjàre rẹ̀ ní. Ó ní ìdìtẹ̀ kò bá ìwà Yorùbá mu, kò sì ní àyè nínú ètò ìṣèlú wọn. Ó tún ní àwọn aláṣẹ kan lè dé lọ́la tí ara wọn kò ní gba nǹkan, tí wọn yóò máa rí ìdìtẹ̀ nínú gbogbo ìbáwí, tí wọn yóò sì máa rí ọ̀ràn nínú gbogbo ìpéjọ àwọn ará ìlú. Ìjọba ṣe òfin náà síbẹ̀síbẹ̀.

Ẹsẹ̀ kìíní àwíjàre yìí kò lágbára púpọ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn Baṣọ̀run Gáà àti ti Àfọ̀njá kò lè gbà pé Yorùbá kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìdìtẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì ni kókó. Ohun tí ó ń wí ni pé a kò gbọdọ̀ fi ìwà ẹni tí ó mú idà lọ́wọ́ lónìí díwọ̀n bí idà ṣe mú tó. Ẹni tí yóò mú un lọ́la ni kí a rò. Agbẹjọ́rò ni ó lè tètè rí èyí, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka òfin bí ọ̀tá yóò ṣe kà á.

Pàṣán tí ó wà lájà

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, àwọn tí òfin ìdìtẹ̀ ti nà rí ni ó di aláṣẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gun àjà lọ sọ pàṣán náà nù. Kò ju ọdún kan lọ tí wọ́n fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ní 1961 ni a gbé Chike Obi, onímọ̀ ìṣirò àti olóṣèlú, lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí ìwé pélébé kan tí ó fi pe àwọn kan ní ọ̀tá ará ìlú àti aninilára àwọn tálákà. Agbẹjọ́rò rẹ̀ jiyàn pé ìwé òfin orílẹ̀-èdè tuntun ti fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀, àti pé òfin ìdìtẹ̀ kò lè dúró níwájú ẹ̀tọ́ yẹn. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ, lábẹ́ Adájọ́ Àgbà Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ènìyàn lè bá ìjọba wí, ó tilẹ̀ lè bá a wí kí àwọn ará ìlú lè yàn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ìbáwí tí a fi ìkà ọkàn ṣe kò bá òfin mu. Bí òfin ìdìtẹ̀ ti wà nìyẹn: ète ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni ó ń wádìí. Ọ̀rọ̀ lè jẹ́ òtítọ́ kí ẹni tí ó sọ ọ́ sì jẹ̀bi síbẹ̀.

Ìgbà mìíràn tilẹ̀ wà tí aláṣẹ kò wá òfin rárá. Ní oṣù Agẹmọ, 1973, Minere Amakiri, oníròyìn ìwé ìròyìn Nigerian Observer ní Port Harcourt, kọ ìròyìn pé àwọn olùkọ́ ní Ìpínlẹ̀ Rivers ń halẹ̀ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìyà tí ń jẹ wọ́n. Ọjọ́ ìbí gómìnà ológun ni ìròyìn náà bọ́ sí. Wọ́n mú Amakiri, wọ́n fá orí rẹ̀, wọ́n sì nà án ní ẹgba mẹ́rìnlélógún. Kò sí ẹni tí ó sọ pé irọ́ ni ó pa. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ba ọjọ́ ayọ̀ aláṣẹ jẹ́. Gani Fawehinmi gba ẹjọ́ rẹ̀ rò, ilé-ẹjọ́ sì dá a láre ní 1974, ó ní kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú fún un. Owó kò lè dá egbò ẹ̀yìn padà, ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà fi hàn pé ẹni tí ó na oníròyìn ní ìkọ̀kọ̀ yóò jíhìn ní gbangba bí agbẹjọ́rò kan bá lè dúró.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ẹgba náà ni ìdájọ́ tí ó lòdì sí ti Chike Obi dé. Ilé-ẹjọ́ gíga ti ju Arthur Nwankwo sẹ́wọ̀n ọdún kan nítorí ìwé tí ó kọ nípa bí gómìnà Ìpínlẹ̀ Anambra ṣe ń ṣe ìjọba. Ní 1983 ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Enugu fagi lé ìdájọ́ náà. Nínú èrò tí Adájọ́ Olatawura kọ, òfin ìdìtẹ̀ jẹ́ ohun tí àwọn amúnisìn ṣe fún àwọn tí wọ́n kà sí aláìmọ̀kan, kò sì bá ìwé òfin ti 1979 mu. Òṣèlú tí ó bá rò pé a ba òun lórúkọ jẹ́, kí ó lọ pe ẹni tí ó bà á lórúkọ jẹ́ lẹ́jọ́ bí ọmọ ìlú yòókù ti ń ṣe. Ìjọba kì í ṣe ènìyàn tí ara ń ta.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan

Ìdájọ́ yìí kò tíì pé ọdún kan tí àwọn ológun fi ṣe òfin tí gbogbo oníròyìn mọ̀ sí Òfin Kẹrin, ní 1984. Ó sọ ọ́ di ọ̀ràn fún ẹnikẹ́ni láti tẹ ọ̀rọ̀ jáde tí ó ní irọ́ nínú ní ibi pàtàkì kan, tàbí tí ó lè sọ ìjọba tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹni yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó bá ka gbólóhùn yìí láìfarabalẹ̀ yóò rò pé irọ́ ni òfin náà ń bá jà. Ọ̀rọ̀ onísílébù méjì náà, tàbí, ni ó tú àṣírí rẹ̀. Bí oníròyìn bá pa irọ́, ó jẹ̀bi. Bí ó bá sọ òtítọ́ tí ó dójú ti aláṣẹ, ó lè jẹ̀bi pẹ̀lú. Kì í sì í ṣe ìjọba ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé irọ́ ni. Oníròyìn ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé òtítọ́ ni, ní gbogbo ibi tí ó ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ tí adájọ́ kan àti àwọn ọ̀gágun jókòó nínú rẹ̀ ni yóò gbọ́ ẹjọ́ náà.

Lábẹ́ òfin yìí ni a ti ju Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian sí ẹ̀wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan ní oṣù Agẹmọ, 1984, nítorí ìròyìn nípa àwọn tí a fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú Nàìjíríà ní ilẹ̀ òkèèrè. Ilé-iṣẹ́ wọn san ìtanràn ₦50,000. Ìjọba tí ó dé ní 1985 fagi lé òfin náà.

Nínú ẹjọ́ yìí ni ìbéèrè kejì ti rí ìdáhùn rẹ̀. Àwọn fáìlì tí ó lè fi òtítọ́ hàn wà nínú àpótí ìjọba. Ìjọba ni ó ni kọ́kọ́rọ́. Ìjọba náà ni ó ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí ó wà níta. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn ilé mọ́ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú pé a kò mọ ohun tí ó wà nínú yàrá. Bí agbára ẹni bá ti pọ̀ tó, tí ẹ̀rí sì ti súnmọ́ ọ tó, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ẹrù ẹ̀rí tí yóò rù wúwo tó. Ohun tí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí nìyẹn ní 1964, nínú ẹjọ́ tí Sullivan, ọ̀kan nínú àwọn kọmíṣọ́nnà ìlú Montgomery, pe ìwé ìròyìn New York Times. Àṣìṣe díẹ̀ wà nínú ohun tí ìwé ìròyìn náà tẹ̀. Síbẹ̀ ilé-ẹjọ́ ní òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè jàre àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fi ẹ̀rí hàn pé ẹni tí ó tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ̀ pé irọ́ ni, tàbí pé kò bìkítà bóyá irọ́ ni.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ bà lórúkọ jẹ́

Àgbà tí ó bá gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Títí dé ibí yìí, ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ni ẹjọ́ ti dùn jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí òfin mú ni ó sọ òtítọ́. Ní 1928 a ju Herbert Macaulay sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, tẹ̀ jáde nípa rìkíṣí kan tí wọ́n ní a ń pa láti gba ẹ̀mí Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀. Ìfẹ́ tí àwọn ará Èkó ní sí Macaulay kò sọ àgbọ́sọ di ẹ̀rí. Ẹni tí a fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kàn náà ní orúkọ tí ó ń jẹ́, ó ní ọmọ tí yóò jogún orúkọ náà. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lówó là ń ra èké. Nígbà tí òtítọ́ yóò bá fi délé, irọ́ ti jẹun tán, ó ti lọ.

Nítorí náà ni òfin ìbanilórúkọjẹ́ ṣe ní ìwúlò tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ pa á rẹ́ pátápátá kò ro ti aláìlágbára. Àwọn kan lè wí pé nínú ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ pẹ̀lú, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni ó ń fi ẹ̀rí òtítọ́ hàn, pé kí ni ó wá mú Òfin Kẹrin yàtọ̀. Ìyàtọ̀ pọ̀. Nínú ẹjọ́ gbà-máà-bínú, ọmọ ìlú ni ó ń pe ọmọ ìlú lẹ́jọ́. Owó ni ó wà nínú ewu, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Adájọ́ kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ó pe ẹjọ́. A sì lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Òtítọ́ tí a bá fi ẹ̀rí hàn níbẹ̀ sì ń gbani sílẹ̀. Kódà òfin ọ̀daràn lórí ìbanilórúkọjẹ́ gbà pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ òtítọ́, tí sísọ rẹ̀ sì ṣe ará ìlú láǹfààní, kò jẹ̀bi.

Ìdáhùn ìbéèrè kìíní wà nínú gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yìí. Òtítọ́ nípa iṣẹ́ tí a fi owó ìlú ṣe tó fún ara rẹ̀, nítorí pé ìlú ni ó ni ín. Òtítọ́ nípa àìsàn aládùúgbò tàbí ìjà inú yàrá rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀; ibẹ̀ ni òwe ẹyin lohùn ti ń ṣiṣẹ́. Òwe méjèèjì kò bá ara wọn jà mọ́ bí a bá mọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bá wí. Ọ̀kan ń bá aláṣẹ wí, èkejì ń bá ẹlẹ́nu wí.

Ohun tí ó wà nínú àpò agbẹjọ́rò

Ìbéèrè kẹta ni ó kù. Agbẹjọ́rò tí ó ń gba irú ẹjọ́ yìí rò ní ohun èlò nínú àpò rẹ̀ lónìí ju ti Sapara Williams lọ. Ó ní ìpín 39 nínú ìwé òfin ti 1999, èyí tí ó fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti ní èrò, láti sọ ọ́ àti láti gba ìròyìn. Ó ní ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà ti sọ di òfin tirẹ̀ ní 1983. Ó ní òfin ti 2011 tí ó fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba láìsọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe, tí ilé-iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ méje. Òfin yìí ni ó fi kọ́kọ́rọ́ àpótí ìjọba lé ará ìlú lọ́wọ́. Ó sì ní àwọn ìdájọ́ àtẹ̀yìnwá, ti Nwankwo láti dì mú, ti Chike Obi láti dáhùn.

Pàṣán kò sì tíì kúrò lájà. Òfin ìdìtẹ̀ ṣì wà nínú ìwé. Ní 2015 ni a ṣe òfin lórí ọ̀ràn orí kọ̀ǹpútà, tí ìpín 24 rẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀ràn láti fi irọ́ ránṣẹ́ kí ó lè bí ẹlòmíràn nínú tàbí kí ó lè bú u. Ní 2022 ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní ìpín náà tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lójú, ní 2024 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì tún un ṣe. Ohun tí Sapara Williams wí nípa àwọn aláṣẹ tí ara wọn kò gba nǹkan kò tíì di ìtàn.

Ǹjẹ́ ó wá yẹ kí agbẹjọ́rò gbèjà ẹnu tí kò fẹ́ràn? Ó yẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu tí ó dùn mọ́ ọn nìkan ni yóò gbèjà, a jẹ́ pé orin ni ó ń gbèjà, kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti kọrin. Ìlànà tí a bá jẹ́ kí ó wó lórí onísọkúsọ, orí olódodo náà ni yóò wó lé. Ṣùgbọ́n ààlà wà fún òun náà. Kò gbọdọ̀ ra ẹlẹ́rìí, kò gbọdọ̀ fi ìwé èké síwájú adájọ́, kò sì gbọdọ̀ sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé irọ́ tí ó pa dára. Bí ẹ̀fẹ̀ ti ń júbà kí ó tó kọrin, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ẹni tí ń gbèjà ọ̀rọ̀ bọ̀wọ̀ fún òtítọ́.

Ọba tí kò pa ọ̀kọrin kò ṣe ọ̀kọrin lóore lásán. Ara rẹ̀ ni ó ṣe é fún, nítorí pé ọjọ́ tí orin bá dákẹ́ ní ọjà, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un mọ́ pé iná ti ń jó lẹ́yìn ààfin.